Ta Ní Í Fi Ìwé Ìbéèrè Mọ Ìwà?

Láyé òde òní, bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ti í ṣe olórí, ìwé ìbéèrè ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ọ̀kan tó lókìkí gan-an ni Myers-Briggs, tó pín gbogbo ọmọ aráyé sí irú ènìyàn 16.

Ìyá àti ọmọ ará Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Briggs Myers, ló gbé e kalẹ̀. Inú ìwé tí Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, tẹ̀ jáde ní 1921 ni wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1980, ọdún tí Isabel kú, ìwé rẹ̀, "Gifts Differing", jáde. Mo gbóríyìn fún un lórí ohun kan: ó kọ́ni pé ẹ̀bùn kálukú yàtọ̀, pé kò sí irú kan tó sàn ju èkejì lọ. Òótọ́ ni, ìka kò dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ibi tí èmi àti ìwé náà ti pínyà rè é. Ká ní a fa ilà sára ògiri, a ní ẹni tí orí rẹ̀ bá kọjá ilà ni "gíga", ẹni tí kò bá kàn án ni "kúkúrú". Àwọn méjì tí ọ̀kan fi ìbú ìka kan péré ga ju èkejì á wá di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdánwò yìí ṣe ń ya ẹni tó fẹ́ràn èrò nípa sí ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ àárín ni ọ̀pọ̀ wa wà. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fi ń bọ́ sínú irú mìíràn. Ṣé ìwà ló yí padà ni, àbí ilà ló ṣìnà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Ọ̀gá tó bá ti rí lẹ́tà mẹ́rin lórí ìwé á ní, "Lágbájá ò lè ṣe olórí, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni." Ìgbéga bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn, láìsí ẹni tó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣebí àwọn tó ni ìdánwò yìí fúnra wọn ló sọ pé kò tọ́ ká máa fi gba èèyàn síṣẹ́!

N ò ní ká da ìwé náà nù. Bí olùkọ́ bá fi ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó bi òṣìṣẹ́ pé, "Ṣé bí ẹ ti rí nìyí? Ibo ni wọ́n ti ṣì yín mọ̀?" ó ṣe rere. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ń wá ẹni tó lè ṣe olórí, kó gbé iṣẹ́ fún un, kó wo bó ṣe ń bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lò nígbà tí nǹkan bá le. Ìwà lèéfín, bó pẹ́ bó yá, á rú síta.