Obìnrin Ẹlẹ́ṣẹ̀ àti Ìdájọ́ Àwùjọ: Ṣẹ̀gilọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sinimá Aláìfọhùn

Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá, ‘ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ’, jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Arúgbó olókùnrùn ni obìnrin náà. Ó ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́gbọ́n.

Ní sáà kan náà, ìtìjú obìnrin wà lára ohun tí sinimá aláìfọhùn ń fi hàn. Nínú Way Down East tí D. W. Griffith ṣe ní ọdún 1920, ìgbéyàwó ẹ̀tàn ni ọkùnrin kan fi tan Anna jẹ. Nígbà tí àṣírí tú, baálé ilé lé e síta sínú yìnyín. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde, ó nàka sí ẹni tí ó tàn án.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà. Anna tí a kò gbóhùn rẹ̀ fẹ̀sùn kan ọkùnrin. Ṣẹ̀gilọlá tí ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń bá wí jù. Kò yani lẹ́nu: ọkùnrin ni ó ń kọ̀wé lórúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, orin àti ìrántí èwe tí Thomas fi sí i lẹ́nu dùn ju ìbáwí lọ. Àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Òǹkọ̀wé pe àwùjọ wá dájọ́, àánú ni wọ́n ṣe. Àṣeyọrí ìwé náà nìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹgbẹ̀rún ọkọ kò jẹ́jọ́ kankan.