Wòlíì Jero àti Àwa Onífá: Ta Ni Eré Náà Ń Bá Wí?

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré The Trials of Brother Jero ní Ìbàdàn ní 1960, wòlíì etí òkun Èkó ni Wọlé Ṣóyínká fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ti fi eré yìí rẹ́rìn-ín àwọn aláàdúrà. Lójú tiwa, ẹ̀rín yẹn kò jinlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Jero ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò, kì í ṣe aṣọ ọrùn rẹ̀.

Jero ra aṣọ àrán lọ́wọ́ Àmọ̀pé, kò sanwó, ni obìnrin náà bá dógò tì í lẹ́nu ọ̀nà. Chume, ọkọ Àmọ̀pé, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, jẹ́ ọmọ ìjọ Jero. Ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wòlíì gbà fún òun láti na ìyàwó òun. Jero kọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní wòlíì gidi nìyí. Ṣùgbọ́n Jero fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún wa: bí Chume bá nà án, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Ìgbà tí Jero wá mọ̀ pé obìnrin yìí gan-an ló ń sin òun lówó, kíá ló gbà fún un. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ. Inú tó fi sọ ọ́ ni kò mọ́. Ibẹ̀ ni Ṣóyínká ti mú àgàbàgebè gan-an.

Ohun méjì nínú ìṣe Ifá ló tako èyí. Èkíní, ẹni tó wá dífá kì í sọ ọ̀ràn rẹ̀ fún awo. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí, Ifá ni yóò tú u. Jero ò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rí aṣòfin kan tí ń dá sọ̀rọ̀ létí òkun, ó ka ojúkòkòrò rẹ̀, ó ní yóò di mínísítà ogun. Èkejì, ẹbọ ní òpin. Ẹni tó bá rú u tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Àwọn kan wà láàrin wa tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọn kò tíì kan ẹní tí wọ́n ti ń béèrè pé, "Kí ló ń yọ yín lẹ́nu?" Ẹbọ tòní kò tíì dà, wọ́n ti ka ti ọ̀la. Odù Ìkáfún ti kìlọ̀ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Chume já ọgbọ́n Jero, tó yọ àdá sí i, wèrè ni Jero ní kí wọ́n pè é. Láàrin tiwa, ọ̀tá Ifá ni wọ́n ń pe ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀.

Àbùkù eré náà ni pé kò fi olóòótọ́ kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jero. Jero's Metamorphosis tó jáde ní 1973 náà kò ṣe é. Aláìfarabalẹ̀ lè ní olè ni gbogbo wọn. A ò lè fi àríyànjiyàn dá a lóhùn. Kí awo kọ́kọ́ dífá kó tó sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó rúbọ máa lọ sílé ní àlàáfíà.