Lílọ́ Ọmọ Tẹ̀tẹ̀

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣòro láti fọ́n ọn dọ́gba. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ a máa pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó tó fọ́n ọn sórí ebè. Síbẹ̀, nígbà tó bá hù ní ọjọ́ 3 sí 5, ibì kan á kún fọ́fọ́, ibòmíràn á ṣófo. Níbi tó kún, àwọn ọmọ ẹ̀fọ́ á máa du ìmọ́lẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé wọn á pọ́n rúsúrúsú. Atẹ́gùn kò ní ráyè gba àárín wọn, ọ̀rinrin á mú ìdí wọn rà, wọ́n á sì wó lulẹ̀.

Dídín wọn kù ló kọ́kọ́ kàn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n á fa àwọn tí kò lágbára tu. Ọbẹ̀ ni ìyẹn ń lọ, kò sì sí ẹ̀fọ́ tó rọ̀ tó o.

Ó di ọ̀sẹ̀ 3, nígbà tí èyí tó kù bá ti ní ewé 4 sí 6, kí wọ́n tó lọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Wọ́n á kọ́kọ́ bomi rin ebè kí ilẹ̀ lè rọ̀, nítorí gbòǹgbò ni gbogbo ìṣọ́ra yìí wà fún: irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló ń fa omi, fífà tu lásán á sì já wọn sílẹ̀. Wọ́n á ki ọ̀bẹ tàbí igi ṣóńṣó sábẹ́ òṣùṣù ọmọ ẹ̀fọ́, wọ́n á gbé e tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀.

Yíyà wọn sọ́tọ̀ ló dùn jù nínú iṣẹ́ náà, òun ló sì ń gba sùúrù jù. Ewé ni wọ́n ń dì mú, kì í ṣe igi: ewé tó ya, òmíràn á yọ, igi tó ṣẹ́, ó parí. Bí gbòǹgbò wọn bá ti wé mọ́ra, wọ́n á gbé òṣùṣù sínú abọ́ omi fún ìgbà díẹ̀. Erùpẹ̀ á tú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì yọ láìjá.

Ihò tí wọ́n á gbìn ín sí gbọ́dọ̀ jìn tó kí gbòǹgbò lè dúró ṣánṣán. Tẹ̀tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Tòmátì lè jìn sí i, torí igi rẹ̀ tó bá wọlẹ̀ a máa ta gbòǹgbò. Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 tó láàárín tẹ̀tẹ̀ kan sí èkejì. Ìka méjì ni wọ́n fi ń tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á wá rọra fa ewé kan wò: bí ìdí kò bá mì, ó ti dúró.

Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣíji bò ó fún ọjọ́ 3 sí 5, pẹ̀lú omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ewé bá rọ lọ́sàn-án tó sì sọjí lálẹ́, kò séwu. Nígbà tí ewé tuntun bá yọ, gbòǹgbò ti mú nìyẹn. Wọ́n lè ṣí imọ̀ kúrò.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń lọ́ bíi tẹ̀tẹ̀: ilá kì í fẹ́ kí wọ́n dí gbòǹgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí yóò ti dàgbà ni kí wọ́n ti gbìn ín.