Ọgbà Kan ní Broad Street

Bí a bá fẹ́ ṣe àríwísí ìwé, orúkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe sí ọgbà ìgbafẹ́ kékeré tí ó wà ní Broad Street, láàárín Èkó àtijọ́. Freedom Park ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà pé 50 ọdún.

Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Amọ̀ ni ìjọba Òyìnbó fi mọ ògiri rẹ̀ ní 1882. Nígbà tí ó di 1885, wọ́n fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti Ìlú Ọba tún un kọ́. Ẹ wo ìyẹn ná: ọkọ̀ la òkun já, ògiri ẹ̀wọ̀n ni ẹrù rẹ̀! Herbert Macaulay ṣe ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n há Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Theo Lawson tí ó ya àwòrán ọgbà náà kò pa ìtàn yìí rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni ó tẹ́ ìtàgé sí. Lójú tèmi, èyí sàn ju ère lọ. Ẹni tí ó bá gun orí ìtàgé náà ní láti ro ohun tí ó fẹ́ sọ níbi tí wọ́n ti pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ títí láé.

Orúkọ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó gba ọ̀ràn méjèèjì: ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà òdòdó. Bí a bá pè é ní Ọgbà Òmìnira, etí yóò gbọ́ ẹ̀wọ̀n àti ìgbádùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Park” kò lè ṣe èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ń tú àléébù ibẹ̀ síta. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojúde ni ibi tí tọmọdé tàgbà ń péjọ sí, òun ni a sì fi sọ àjọ̀dún ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ojúde Ọba. Ojúde kò ní ìlẹ̀kùn. Ọgbà ní, wọ́n sì ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ti Broad Street. Owó náà lè má jẹ́ nǹkan kan lójú àwa tí a ń lọ síbẹ̀ nítorí àjọ̀dún ìwé. Ọmọ tí ń kiri omi tútù lẹ́yìn ògiri yóò kọ́kọ́ fi wé owó oúnjẹ rẹ̀. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án, kí owó máa wà fún eré alẹ́ nìkan.