Ìtàgé Orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ipa Èdè Láàárín Òṣèré àti Òǹwòran

1.0 Ìfáárà
Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni èdè tí wọ́n fi ṣeré ní Orí Olókun, ìtàgé tí Yunifásítì Ifẹ̀ (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987) gbé kalẹ̀ fún ará ìlú. Ibi tí ìtàgé náà fìdí kalẹ̀ sí ni wọ́n sábà máa ń fi yìn ín. Èdè inú rẹ̀ náà tó yẹ̀ wò.

2.0 Ìtàn ní Ṣókí
Ní ọdún 1968 ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì náà, lábẹ́ Michael Crowder, dá Orí Olókun sílẹ̀. Àárín ìlú ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe inú ọgbà Yunifásítì. Ọlá Rótìmí ń darí eré oníṣe, Akin Euba ń bójú tó orin, Peggy Harper sì mú ti ijó. Àwọn òṣèré ibẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame ní 1968. Kurunmi tẹ̀ lé e ní 1969.

3.0 Èdè Orí Ìtàgé
Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàkùrọ̀sọ inú The Gods Are Not to Blame. Inú orin, ìlù àti ijó ni Yorùbá ti rọ́wọ́ mú. Rótìmí tú òwe Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè dún bí ọ̀rọ̀ àgbà, ọgbọ́n yìí sì gbéṣẹ́ dé ààyè kan. Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí ni ìjà orí oko. Ọ̀nà tí Ọdẹ́wálé gbà ń fọhùn ni Adétùsá fi mọ̀ pé ará Ìjẹkùn ni, ó sì bú ẹ̀yà rẹ̀. Èébú yìí ni ó yọrí sí ikú. Ẹ̀ka-èdè ni ọ̀ràn náà rọ̀ mọ́, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kò fi ohùn Ìjẹkùn hàn lẹ́nu Ọdẹ́wálé. Ṣe ni wọ́n kàn sọ fún òǹwòran pé ó wà. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, etí òǹwòran yóò ti gbọ́ ọ kí Adétùsá tó la ẹnu. Ẹni tí wọ́n ti fi Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí yóò sì mọ bí èébú náà ti korò tó.

Òtítọ́ ni pé ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní 1968, gbogbo Nàìjíríà ni Rótìmí sì ń bá wí. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú. Ní 1963, lórí ìtàgé rẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá ṣe eré tí ó ti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì Amos Tutuola jáde, Demas Nwoko sì ṣe ọnà ìtàgé náà. Èdè Yorùbá kò dí eré yìí lọ́wọ́ láti dé Algiers ní 1969.

4.0 Ìkádìí
Orí Olókun gbé ìtàgé lọ bá ará ìlú. Nínú orin àti ijó, onílé ni wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀, àlejò ni wọ́n. Ní 1976, Ifẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ṣe Death and the King's Horseman ti Wọlé Ṣóyínká. 1994 ni ìtumọ̀ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ikú Olókùn-ẹṣin, tó jáde. Ó yẹ kí Yunifásítì tí ó bá ń gbé eré kalẹ̀ fún ará ìlú máa pèsè ẹ̀dà Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí onílé má baà máa dúró de ògbufọ̀ nínú ilé ara rẹ̀.