Ìgbà Tí Inkscape Pààrọ̀ Kọ́ńgò

Orí tákàdá A4 ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan fi ẹ̀dà 0.48 Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya àwòrán sórí A4 ní ọdún 2012, ó tọ́jú fáìlì náà, ó sì gbàgbé rẹ̀. Mìlímítà 210 ni ìbú A4. Nígbà tó di ọdún 2017, ó gbé ẹ̀dà 0.92 sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún fáìlì yẹn ṣí. Ìbéèrè kan yọ sí i lójú. Kò yé e, ó fò ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbú tákàdá rẹ̀ ṣe di mìlímítà 196.875. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo nínú àwòrán náà.

Bí àwọn tó ń kọ Inkscape ṣe ṣe ìyípadà tó fa èyí ni a ó gbé yẹ̀ wò lónìí, torí ó kan gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya lógò, pátákó ìpolówó, tàbí ohun tí ẹ̀rọ lésà máa gé.

Irú àwòrán tí à ń wí yìí yàtọ̀ sí fọ́tò. Àmì tíntìntín tí à ń pè ní píkísẹ́lì, tó tò ti ara wọn, ló ń di fọ́tò. Èyí tiwa, àṣẹ ni: bẹ̀rẹ̀ níbí, fa ìlà dé ọ̀hún, tẹ̀ ẹ́ báyìí, da àwọ̀ pupa sínú rẹ̀. Vector ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nọ́ńbà ló kún inú fáìlì rẹ̀, nọ́ńbà náà kò sì ní ìtumọ̀ àfi tí a bá mọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí kọ́ńgò ọjà. Bí ẹnì kan bá ní òun ra kọ́ńgò gàrí mẹ́wàá, ẹni tó mọ ọjà ná á kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti rà á, nítorí kọ́ńgò ọjà kan lè má bá tòmíràn dọ́gba. Nínú fáìlì A4 ọdún 2012 yẹn, ohun tí wọ́n kọ fún ìbú ni 744.09448. Kò sí mìlímítà níbẹ̀, kò sí ínǹṣì. Inkscape ìgbà náà gbà pé píkísẹ́lì 90 ló ń di ínǹṣì kan, bí a bá sì fi 90 ṣírò 744.09448, mìlímítà 210 ló ń jẹ́. Ẹ̀dà 0.92 gbà pé 96 ni. Nọ́ńbà ò yí. Kọ́ńgò ló yí.

Àwọn Inkscape kọ́ ló dá 90 sílẹ̀. CSS 2, ìlànà tí ẹgbẹ́ W3C gbé jáde ní 1998 fún ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, 90 ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìlànà SVG, èyí tí Inkscape fi ń tọ́jú àwòrán, jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, 90 náà ló sì lò nínú àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà tí Inkscape bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ohun tí ìwé wí ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn búráúsà ló gba ọ̀nà mìíràn: 96 ni wọ́n ń kà, CSS 2.1 sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2011. Illustrator, ètò ìyàwòrán ti Adobe, ní tirẹ̀ ń ka 72. Kọ́ńgò mẹ́ta, ọjà kan.

Nítorí náà, mi ò bá wọn wí pé wọ́n yí i. Ó yẹ kí wọ́n yí i. Pípẹ́ tó pẹ́ ló dùn mí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2011 títí di oṣù kìíní ọdún 2017 tí 0.92 jáde, ó lé ní ọdún márùn-ún, gbogbo fáìlì tí a sì fi òṣùwọ̀n àtijọ́ tọ́jú láàárín ìgbà náà ń dá kún ẹrù tí ẹnì kan máa padà wá rù. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ Inkscape, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wa. Mo mọ rírì ìyẹn, ó sì jẹ́ kí n lóye ìdí tó fi pẹ́. Àmọ́ kò mú kí fáìlì tó bàjẹ́ dín kù.

Ìbéèrè tó ń yọ sójú yẹn wá ńkọ́? Mo yìn wọ́n pé wọ́n tilẹ̀ béèrè, nítorí wọ́n lè yí i lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nígbà tó yá, ó ń bi ọ́ bóyá àwòrán fún ojú kọ̀ǹpútà ni tàbí ohun tí a máa tẹ̀ tàbí gé. Bí o bá ní ohun gidi ni, ó tún ń béèrè bóyá ìrísí ló ṣe pàtàkì sí ọ jù tàbí ìwọ̀n. Ìrísí dà bíi kí a fi dígí ojú wọ àwòrán: nọ́ńbà inú rẹ̀ dúró bó ṣe wà, dígí ló ń mú kí a rí i ní ìwọ̀n tó yẹ. Bí o bá yan ìwọ̀n, ètò náà á tún gbogbo nọ́ńbà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ohun tó so mọ́ra sì lè ya níbi tí wọ́n ti so. Àyè tún wà níbẹ̀ láti fi ẹ̀dà fáìlì àtijọ́ pa mọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ìbéèrè náà gbójú fò ni pé ẹni tó ṣí fáìlì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tó yà á. Ẹ wo ẹni tó ń fi lésà gé pákó. Oníbàárà ló fi fáìlì ránṣẹ́, ayàwòrán sì ti lọ. Báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ẹlòmíràn ní lọ́kàn lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Bó bá ṣi ìdáhùn mú, pákó mìlímítà 100 á jáde ní 93.75. Ojú ihò tí a ṣe fún pákó mìlímítà 3 á jáde ní 2.8125, pákó ò ní wọlé, igi ti run. Mi ò rò pé ó pọ̀ jù láti retí pé kí ètò náà gbé àwòrán méjèèjì sílẹ̀, kí ó kọ ìwọ̀n tákàdá sí abẹ́ wọn, kí ó ní: mú èyí tó tọ́. Ẹni tí kò mọ píkísẹ́lì rárá mọ̀ pé 210 ni A4.

Èyí tí mo dá wọn lẹ́bi lé lórí jù ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú àpótí. Bí o bá fa àpótí sójú ìwé ní Inkscape àtijọ́ tí o sì tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ètò náà ń tọ́jú rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n rí nínú SVG 1.2, ìlànà tí wọ́n ṣì ń kọ lọ́wọ́. Ìlànà náà kò jáde bẹ́ẹ̀, búráúsà kankan ò sì gbà á. Ohun tí àwọn tó gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí Wikimedia Commons rí ni àpótí dúdú níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó wà. Wọ́n fi ohun tí ẹgbẹ́ W3C kò tíì parí ṣe ohun tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ bà. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 ló gba ọ̀nà SVG 2, tí ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ ní ìlà-dé-ìlà fún ètò tí kò bá lóye rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ fi wé FreeHand, ètò ìyàwòrán ti Macromedia. Adobe ra Macromedia ní ọdún 2005, FreeHand sì bá a wọlé. Ní ọdún 2007 wọ́n kéde pé kò ní sí ẹ̀dà tuntun mọ́. Illustrator ń ṣí fáìlì rẹ̀ fún sáà kan, ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn náà kò ṣí i mọ́. Àwọn alábàáṣe LibreOffice, àkójọ ètò ọ́fíìsì ọ̀fẹ́, ló jókòó ti fáìlì náà, tí wọ́n ń fòye mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, títí wọ́n fi kọ libfreehand tó ń kà á. Ohun kan náà ni wọ́n ti ṣe fún fáìlì CorelDRAW, ètò ìyàwòrán mìíràn, tí libcdr wọn wọ LibreOffice 3.6 ní ọdún 2012. Fáìlì Inkscape kò nílò irú iṣẹ́ awo bẹ́ẹ̀. Fi Notepad ṣí i, o máa rí 744.09448 níbẹ̀, o sì máa mọ̀ pé ti àtijọ́ ni.

Tiwa ńlé ló sún mi débi ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé Èkó pọ̀ sí, CorelDRAW ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò. Ọ̀rọ̀ kọ́ńgò náà ló wà níbẹ̀: kí Unicode, òǹkà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò, tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ṣe fọ́ńtì Yorùbá ń ya ẹ, ọ àti ṣ sí ipò lẹ́tà mìíràn. Nọ́ńbà lẹ́tà mìíràn náà ni fáìlì tọ́jú, fọ́ńtì nìkan ló mọ̀ pé ẹ ni. Gbé fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì yẹn, orúkọ olóògbé inú ìwé ètò ìsìnkú á di rádaràda. Ayàwòrán tó bá gbọ́n á tẹ Ctrl+Q, lẹ́tà á di ìlà lásán, ìrísí rẹ̀ ò sì ní yí mọ́. Àmọ́ kò ṣeé tún kọ mọ́, kò sì ṣeé wá rí lórí kọ̀ǹpútà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí a bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lónìí, kò sí ìbéèrè kankan tó máa yọ sí wa lójú.