Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òwe yìí ni mo rántí nígbà tí àwa Yorùbá mélòó kan jókòó ní La Porte, ìlú etí omi Galveston Bay, ní ìlà-oòrùn Houston. Ọ̀kan nínú wa ń wá ṣọ́ọ̀ṣì tí ìdílé rẹ̀ yóò máa lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi wá: ṣé ibi ìgbọ́kọ̀sí tó? Ṣé àwọn ọmọ ní pápá bọ́ọ̀lù? Ṣé wọ́n ń ta kọfí? Kò béèrè ohun tí wọ́n ń wàásù níbẹ̀. Èmi náà kò rán an létí.

Kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan. Ní 1959 ni John Osteen dá Lakewood sílẹ̀ ní Houston, nínú ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kan tí wọ́n ti pa tì. Ní July 2005, ọmọ rẹ̀ Joel kó ìjọ náà lọ sí gbọ̀ngàn ńlá tí ẹgbẹ́ Rockets ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjókòó ibẹ̀ tó nǹkan bí 16,000. Wọ́n ṣe ìṣàn omi méjì síbẹ̀, wọ́n gbé àwòrán ayé tí ń yí síwájú ìjọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbé àgbélébùú síbẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ilé tó tutù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ooru Texas. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì Harvey fi omi kún Houston ní August 2017, ibi gbígbẹ tí wọn yóò sùn ni àwọn ènìyàn ń wá. Ọ̀pọ̀ ló bínú pé Lakewood kò tètè ṣílẹ̀kùn. Àwọn olórí ìjọ ní omi ń halẹ̀ mọ́ ilé náà. Ní 29 August, wọ́n gba àwọn tí omi lé nílé wọlé. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo rí ni pé lọ́jọ́ ìpọ́njú, kò sẹ́ni tó béèrè ìṣàn omi ìlé ìjọsìn.

Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀ láti ìlú jíjìn. Ẹnì kan lè sọ pé ìwòsàn ni àwọn náà bá lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá gba omi àdúrà gbọ́ pé kí òun kó oògùn òun dànù, kí òun yí ìwà padà. Ó dun àwa olùfẹ́ àṣà pé ọ̀pọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá a lọ, àmọ́ ẹ̀bùn náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Kí ni kọfí ń béèrè lọ́wọ́ wa?

Àwa Yorùbá òkè òkun kò lè fi ọwọ́ òsì júwe ilé àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ọjọ́ ìkórè ń gba oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ opó tó wà láàárín wa kì í gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀: bí wọ́n bá kó kọfí, pápá àti ìrẹsì lọ, ṣé èmi yóò ṣì wá? Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ewé rẹ̀ kò tíì di ọṣẹ.